Orúkọ Nọ́ọ̀sì Sàfúrátù lábẹ́ Ohun tí Kò Kà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó fún wa ní ahọ́n kan ṣoṣo, tó sì yan màláíkà méjì tì wá lọ́tùn-ún lósì kí wọ́n máa kọ ohun tó bá ń jáde níbẹ̀. Ẹ wo ìṣirò yẹn dáadáa. Akọ̀wé méjì fún ahọ́n kan. Ọba tó dá wa mọ irú ẹni tí a jẹ́. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammadu, olódodo tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ pàápàá ń kó ẹrù wọn fún pa mọ́, kó kárí àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ pátá.

Ẹ̀yin mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin aládùúgbò wa tí ẹ kì í ṣe mùsùlùmí, tí ẹ gbé àga yín wá torí pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wa kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ nǹkan mìíràn nílé yín, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà.

Ẹ̀rí èké ni wáàsí wa lónìí. Mo mọ̀ pé bí mo ti dárúkọ rẹ̀ yìí, ojú yín ti lọ sí kóòtù, sọ́dọ̀ ẹni tó búra lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ dá ojú yín padà. Ẹ̀rí èké tí mo ń wí kò nílò adájọ́, kò nílò lọ́yà. Orí fóònù la ti ń jẹ́ ẹ. Ènìyàn lè jókòó sórí ẹní ìrun, kí tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó ti ṣe àlùwàlá, kó sì máa pànìyàn ní ìlú tí kò dé rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lápá ibẹ̀ yẹn, n kò ṣe ẹ̀fẹ̀ o. Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kan fún yín. Alájì tó ń sùn lẹ́bàá òpó yẹn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. A ó jí wọn tí a bá dé ibi tí ẹ̀mí ti fẹ́ bọ́.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú Ọ̀yọ́, Ìdírísù lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló ń ṣe. Pólì ló ti kọ́ ọ, kì í ṣe ẹ̀bá ọ̀nà. Káléńdà ìgbéyàwó, ìwé ìpè sí ìsọmọlórúkọ, ìwé pélébé tí à ń lẹ̀ mọ́ ògiri mọ́ṣáláṣí tí wọ́n kọ àkókò sààrì àti ìṣínu sí, gbogbo rẹ̀ ló ń tẹ̀. Àwọn atẹ̀wé sì ní àṣà kan. Bí o bá gbé iṣẹ́ fún wọn, ẹyọ kan péré ni wọ́n máa kọ́kọ́ tẹ̀. Wọn a pè ọ́, wọn a ní, "Ẹ kà á dáadáa. Tó bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ buwọ́ lù ú." Bí o kò bá buwọ́ lu ẹyọ kan yẹn, ẹ̀rọ kò ní yí. Torí kí ni? Torí pé tí ẹgbẹ̀rún kan bá ti jáde tán, tí orúkọ ìyàwó àtijọ́ ọkọ wá wà lórí káléńdà ìyàwó tuntun, ta ni yóò kó o padà nílé àwọn tó ti gbà á?

Àìsàn àtọ̀gbẹ ló pa ìyá Ìdírísù. Ẹ mọ̀ ọ́n, òun làwọn kan ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹsẹ̀ kan ni wọ́n kọ́kọ́ gé, lẹ́yìn náà èkejì, lẹ́yìn náà ìyá sinmi. Ohun tó sì dun Ìdírísù ju ikú náà lọ ni pé orí ayélujára ni gbogbo ilé ti ń kó ìwòsàn wá fún ìyá. Lónìí, ewé kan. Lọ́la, epo kan. Lọ́túnla, omi kan tí ẹnìkan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rí ní kí wọ́n máa mu. Nígbà tó sin ìyá tán, ó ní, "Èmi yóò ṣí ojúlé kan lórí ayélujára fún àwọn alátọ̀gbẹ, ní èdè Yorùbá, kò sì ní sí irọ́ níbẹ̀." Ó pe orúkọ rẹ̀ ní Ojúlé Àlàáfíà. Àwọn alágbo oògùn wá bá a, wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn fi ọjà àwọn há àárín ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ìgbà tó jẹ́ pé òun ló ń sọ ọ́. Ó lé wọn jáde. Ọkùnrin náà ṣe é dáadáa, ẹ jẹ́ ká fún un lẹ́tọ̀ọ́ rẹ̀.

Ó wá mú àṣà àwọn atẹ̀wé lọ síbẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí yóò jáde àfi tí Nọ́ọ̀sì Sàfúrátù bá kà á tó sì fi orúkọ rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ta ni Nọ́ọ̀sì Sàfúrátù? Obìnrin tó lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́ láàárín àwọn alátọ̀gbẹ, tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹnu rẹ̀ kò sì fẹ̀yìn tì. Ìdírísù a kọ ọ̀rọ̀ wá. Nọ́ọ̀sì a fi bírò pupa fà á.

"Ìdírísù, o ní ewúro ń wo àtọ̀gbẹ sàn. Ta ló wò sàn?"

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n."

"Gbogbo ayé yẹn, ṣé ó ní fóònù? Fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀, mo fẹ́ bi í léèrè."

Bí nọ́ọ̀sì bá ní rárá, ọ̀rọ̀ náà ti kú. Bó bá gbà á, Ìdírísù a kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Nọ́ọ̀sì Sàfúrátù ló kà á, òun ló jẹ́rìí sí i," a kọ ọjọ́ àti oṣù tì í. Bí àṣìṣe bá sì wà, òkè téńté ni wọ́n ń kọ àtúnṣe sí, kì í ṣe pé wọ́n á rọra pa á rẹ́ bí ẹni tó fi iyẹ̀pẹ̀ bo itọ́. Ẹ̀yin ọmọ ilé kéú, ẹ kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe yẹn ni? Sànádì nìyẹn, okùn àwọn tí ọ̀rọ̀ gba ẹnu wọn wá. Bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà onímímọ̀ wa ṣe pa ọ̀rọ̀ Ànábì mọ́. Ẹ ní ọ̀rọ̀ dùn. Ta ló sọ ọ́ fún ọ? Ta ló sọ ọ́ fún òun náà? Ṣé òpùrọ́ kò sí láàárín?

Ìdírísù ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Àwáwù, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Kúdí. Ìsẹ́yìn ló ń gbé, òwú ló ń tà fún àwọn tó ń hun aṣọ òfì. Àtọ̀gbẹ tó pa ìyá wọn wà lára òun náà. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Dókítà ti sọ fún un pé abẹ́rẹ́ yìí ló ń gbé e dúró, bó bá fi sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ ó lè gba ọ̀run lọ. Kò sẹ́ni tó ń ka Ojúlé Àlàáfíà tó o. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó máa ń sọ fún Kúdí ọmọ rẹ̀:

"Ṣé ti Ìdírísù ni mò ń kà ni? Ìdírísù tí mo pọ̀n, tó ń jẹ ọṣẹ? Ìsàlẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Tí n bá ti rí orúkọ nọ́ọ̀sì, ọkàn mi balẹ̀. Bí orúkọ wọn kò bá sí níbẹ̀, bó jẹ́ Ìdírísù fúnra rẹ̀ ló wá kà á sí mi létí, n kò gbọ́."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Ràmàdánì ọdún náà kù sí dẹ̀dẹ̀, Nọ́ọ̀sì Sàfúrátù ń lọ Ùmúrà. Ọjọ́ tó ń lọ, ó yà ní ilé ìtẹ̀wé. Ó ní, "Ìdírísù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Títí n ó fi dé, kí ojúlé yìí gba ààwẹ̀. Kó má sọ nǹkan kan."

Ìdírísù ní, "Ó ti parí, Ìyá Nọ́ọ̀sì."

Kò parí. Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí rọ́ wọlé bí omi òjò. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé alátọ̀gbẹ lè gba ààwẹ̀?" "Abẹ́rẹ́ mi ńkọ́?" "Ẹ tètè dá wa lóhùn, ọ̀la kọ́ loṣù máa yọ?" Ẹ̀yin èèyàn mi, ìdáhùn ha ṣòro bí? Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ti dá aláìsàn sí, Ó ní kó san án pa dà ní ọjọ́ mìíràn. Ìdírísù ì bá kọ ọ́ pé, "Nọ́ọ̀sì kò sí nílé. Ẹ má ṣe yí oògùn yín padà, ẹ lọ bá dókítà yín." Gbólóhùn méjì. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti sọ pé òun kò mọ̀. Àìsàn yìí, ojú títì láti sọ pé "n kò mọ̀," kò ní abẹ́rẹ́.

Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni Àáfà Sùbérù wọlé, tó wá kó ìwé sààrì mọ́ṣáláṣí rẹ̀. Àáfà náà gbọ́ ìbéèrè, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìdírísù, èyí le lójú yín ni? Kí ló ń bọ́ ṣúgà nínú ara? Ṣé oúnjẹ kọ́? Tí oúnjẹ kò bá wọlé látàárọ̀ dalẹ́, kí ni ṣúgà fẹ́ jẹ? Ebi á pa á kú! Kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ wọn sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ààwẹ̀ gan-an ni abẹ́rẹ́. Kí Ọlọ́hun fi oṣù alápọ̀n-ọ́nlé yìí wo gbogbo aláìsàn wa sàn."

Gbogbo àwọn tó wà ní ilé ìtẹ̀wé ní, "Àmín!"

Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí kí ni? Mo fẹ́ bi yín. Nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló ti sọ "Àmín" fún Àáfà tán rí, tó wá yíjú padà tó ní, "Àáfà, níbo lẹ ti rí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ ṣáájú àdúà yẹn?" Ẹ ń wo ilẹ̀. Èmi náà kì í bèèrè. Ọ̀rọ̀ tí àdúà bá ti tẹ̀lé, a ti gbé e mì pẹ̀lú egungun rẹ̀.

Ìdírísù jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó kọ ọ̀rọ̀ Àáfà Sùbérù, ó tún un ṣe, ó yọ ẹ̀rín inú rẹ̀ kúrò, ó wá dà bí ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀. Ó dé ìsàlẹ̀. Àyè ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, ó ṣófo. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn tó kọ́ ojúlé náà ṣe é bẹ́ẹ̀, pé tí àyè yẹn bá ṣófo, ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ jáde. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò jáde. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò jáde.

Ṣàìtáánì kì í pariwo, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ní, "Ìdírísù, ṣebí Ìyá Nọ́ọ̀sì ló máa kà á náà tí wọ́n bá dé? Oore lò ń ṣe. Àwọn èèyàn ń dúró. Kọ orúkọ wọn."

Ó kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì Sàfúrátù ló kà á, òun ló jẹ́rìí sí i. Ó kọ ọjọ́ tì í. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó jáde.

Lẹ́yìn náà ó lọ kírun Àìlà. Wọ́n ní ìrun náà gùn, wọ́n ní ó tiẹ̀ sunkún nínú rẹ̀.

Ní Ìsẹ́yìn, ọjọ́ kìíní ààwẹ̀, Kúdí rí i pé ìyá òun ti gbé abẹ́rẹ́ kúrò níbi tó máa ń wà.

"Màmá, ẹ kò tíì gba tàárọ̀."

"Nọ́ọ̀sì ní ká gbé e sílẹ̀."

"Nọ́ọ̀sì wo?"

"Nọ́ọ̀sì wa. Gba fóònù, wo ìsàlẹ̀. Ṣé orúkọ wọn kọ́ nìyẹn?"

Kúdí wò ó. Orúkọ wọn ni.

Ọjọ́ kìíní, Ìyá Kúdí ní ara òun fúyẹ́, ó ní, "Ẹ ò rí i?" Ọjọ́ kejì, òùngbẹ mú un bí ẹni tó gbé iyọ̀ mì. Ó ń tọ̀, ó ń tọ̀, ó ní ààwẹ̀ ló ń fọ inú òun. Ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí bì. Mímí rẹ̀ yí padà, ó ń mí ìmí jíjìn, bí ẹni tó gun òkè, bẹ́ẹ̀ orí ẹní ló wà. Èémí ẹnu rẹ̀ ń rùn bí ọ̀pẹ̀yìnbó tó ti rà. Kúdí gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà, ó gba ẹ̀jẹ̀ kékeré níka ìyá rẹ̀. Ẹ̀rọ kò lè kà á. Ó ti ga kọjá ibi tí ẹ̀rọ ń kà dé. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Fóònù Ìdírísù dún nígbà tí wọ́n ń múra Àìlà. Kúdí ni, ó ń sunkún.

"Bọ̀dá Ìdírísù, ẹ máa bọ̀ o! Dókítà fẹ́ fún Màmá ní abẹ́rẹ́, wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì yín ní kí àwọn má gbà á títí ààwẹ̀ á fi parí. Wọ́n gbà kí wọ́n fa omi sí wọn lára, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti rí abẹ́rẹ́ ṣúgà, wọ́n á fa apá wọn sẹ́yìn. Dókítà ní tí wọn kò bá gbà á lónìí, wọ́n á kú. Ẹ wá bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ kúkú ni ojúlé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rù wà tí à ń pè ní ẹ̀rù. Ìdírísù wọ ọkọ̀ Ìsẹ́yìn. Ó ṣí ojúlé náà lórí fóònù. Ẹgbàajì ó lé mẹ́tàléláàádọ́fà èèyàn ti ka ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá ti fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Kí ló ṣe? Ó rọra pa á rẹ́. Ó ṣe ohun tó ti ṣèlérí pé òun kò ní ṣe láéláé. Kò kọ àtúnṣe kankan. Ọ̀rọ̀ náà pòórá lójúlé, ó kù sọ́wọ́ ayé.

Nígbà tó dé ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ti wọnú. Àbúrò ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù rẹ̀ mẹ́ta wà níbẹ̀, dókítà dúró tòun ti abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Ìdírísù ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á."

Obìnrin náà la ojú. "Ṣé nọ́ọ̀sì ti yí ọ̀rọ̀ wọn padà ni?"

Ìdírísù wo àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀. Ó ṣì ń wá ọ̀nà tí yóò fi gbà á là láìjẹ́ pé ojú ti òun. Ẹ má bínú sí i jù, gbogbo wa ló ń wá ọ̀nà yẹn. Dókítà wo aago. Ìdírísù wá ké:

"Nọ́ọ̀sì kọ́ ló sọ ọ́! Wọn kò kà á rárá. Èmi ni mo kọ orúkọ wọn síbẹ̀. Irọ́ ni mo pa."

Ìyá Kúdí wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìdírísù, àbúrò mi. Ẹ̀rù ikú mi ló ń bà ọ́ tó o fi ń parọ́ mọ́ ara rẹ. Ọlọ́hun á san án fún ọ. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá kà á, báwo ni orúkọ wọn ṣe máa wà níbẹ̀? Ṣé ìwọ fúnra rẹ kọ́ lo sọ fún wa pé kò lè ṣẹlẹ̀?"

Ó fa apá rẹ̀ sábẹ́ aṣọ.

Ẹ gbọ́ mi, ẹ gbọ́ mi. Ọdún mẹ́rin ni Ìdírísù fi kọ́ obìnrin yìí pé kó má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ láìsí orúkọ nọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni, títí kan òun alára. Ó ti kọ́ ọ, ó sì yé e. Òdodo rẹ̀ ti ọdún mẹ́rin ló di irọ́ rẹ̀ ti ọjọ́ kan mú, kò jẹ́ kó bọ́.

Ìdírísù pe Mẹ́kà. Kò wọlé. Ó tún pè é, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá Kúdí ti ń sọ̀rọ̀ sí ìyá wọn tó ti kú, ó ń bi í bóyá ó ti jẹun. Kúdí ń di apá ìyá rẹ̀ mú, ó ń pe kálímà sí i létí. Ìdírísù pè é lẹ́ẹ̀kẹrin. Dókítà ní, "Bàbá, tí wọn kò bá mọ nǹkan kan mọ́, a lè fún wọn láìbèèrè. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, n kò mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ṣì máa ríṣẹ́ ṣe."

Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ohùn kan ní, "Ìdírísù, a ti fẹ́ ṣínu níbí o. Kí ló dé?"

Ó sọ ọ́ fún un. Kò pẹ́ láti sọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá kì í gùn lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì ní, "Gbé mi sí i létí."

Wọ́n gbé fóònù sí etí Ìyá Kúdí.

"Àwáwù, èmi Sàfúrátù ni. N kò kà á. N kò rí i. Ká ní mo rí i ni, ǹ bá fà á ya. Na apá rẹ fún dókítà."

"Ṣé ẹ̀yin ni lóòótọ́? Kì í ṣe pé Ìdírísù lọ wá obìnrin kan?"

"Nínú oṣù Rájábù, o pè mí nípa egbò kan lábẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ òsì. O ní o kò fẹ́ kí Kúdí gbọ́. Ta ni mo sọ ọ́ fún?"

"Ẹ kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan."

"Na apá."

Ó nà án. Dókítà ṣe ohun tó yẹ.

Ó kú àbí ó yè? Mo rí i pé Alájì ti jí. Ó yè. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò níbẹ̀, wọ́n sì dá a padà sílé rẹ̀.

Ẹ má tíì sọ alihamudulilai. Ẹni tó yè la mọ̀. Ẹgbàajì ó lé mẹ́tàléláàádọ́fà ni mo pè lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì ti Mẹ́kà dé, ó wá sí ilé ìtẹ̀wé. Kò jókòó. Ó ní, "Ìdírísù, mo ti dárí jì ọ́ níbẹ̀, n kò fẹ́ gbé e wọ bàálù. Ṣùgbọ́n orúkọ mi tó o fi ránṣẹ́ yẹn, lọ bá mi wá a padà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí wá a. Ó kọ ọ́ sókè ojúlé gàgàrà pé irọ́ ni òun pa, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ó lọ bá Àáfà Sùbérù.

"Àáfà, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn, níbo lẹ ti gbọ́ ọ?"

"Ẹnìkan ló sọ ọ́ nínú ọkọ̀ nígbà tí mò ń ti Ìlọrin bọ̀."

"Ta ni ẹni náà?"

"N kò mọ̀ ọ́n. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti sọ̀ kalẹ̀."

Sànádì ọ̀rọ̀ tó fẹ́ pa Ìyá Kúdí nìyẹn. Ó parí sí garáàjì.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn tó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan bú u. Àwọn kan ní àwọn ti fi sí ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógún lórí Wásáàpù, àwọn kò rántí èwo. Ọkùnrin kan dá a lóhùn pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Alájì. Ìyá wa tí a fi ránṣẹ́ sí ti jáde láyé ní ọjọ́ kẹfà ààwẹ̀. Ọlọ́hun ló fẹ́ràn wọn, inú oṣù alápọ̀n-ọ́nlé ni wọ́n kú sí. Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì."

Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ló pa ìyá náà? Ọlọ́hun nìkan ló mọ̀. Ìdírísù kò mọ̀. Kò ní mọ̀ títí dọjọ́ àjíǹde, ọjọ́ yẹn ló sì máa rí obìnrin náà fún ìgbà àkọ́kọ́, tí yóò máa bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

Ẹ̀yin mùsùlùmí òdodo, gbogbo wa mọ sàdákátù járíyà. O gbẹ́ kànga, o kú, àwọn èèyàn ń pọn omi, ẹ̀san ń bá ọ nínú sàréè. Ṣé ẹ̀yin rò pé rere nìkan ló mọ ọ̀nà sàréè ni? O tẹ nǹkan kan lórí fóònù, o kú, wọ́n wẹ̀ ọ́, wọ́n sin ọ́, fóònù rẹ ti di ti ọmọ rẹ, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń rìn. Ibi tó bá ti pa ẹnìkan, wọ́n á kan ilẹ̀kùn rẹ nísàlẹ̀ ilẹ̀ pé, "Gba tìrẹ." O kò lè pa á rẹ́ mọ́. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tó gbé mi débi ọ̀rọ̀ yìí lónìí. Nọ́ọ̀sì Sàfúrátù ti kú. Ní ọdún tó kọjá la kírun sí i lára, èmi náà wà nínú sàfú, ìlà àwọn olùkírun. Ìdírísù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò tíì rí orúkọ náà kó padà tán. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá yìí, ẹnìkan fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí fóònù mi. Alátọ̀gbẹ, ẹ gbé abẹ́rẹ́ yín sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Mo wo ìsàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì Sàfúrátù ló kà á, òun ló jẹ́rìí sí i. Mo wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Ẹnìkan tí a kò mọ̀ ti yí i padà sí oṣù yìí, ọdún yìí. Òkú ń jẹ́rìí lójoojúmọ́ sí ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò rí.

Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí mi jókòó láàárín yín. Èèyàn dáadáa ni, oore ló rò pé òun ń ṣe. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó gba ààwẹ̀, oṣù ku ọjọ́ mẹ́rin kó yọ, àkókò wà. Ìwọ ẹni náà, kí n tó ṣe àdúà, dìde, jáde síta, pe gbogbo ẹni tó o fi ránṣẹ́ sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, pè wọ́n. Sọ fún wọn pé irọ́ ni, kí wọ́n má ṣe fi oògùn wọn sílẹ̀ láìbi dókítà wọn. Àdúà á dúró dè ọ́. A kò ní kánjú.

Dìde. Má tijú.

Hẹ̀n-ẹ́n.

Ẹnì kan ni mo pè. Ẹ̀yin mẹ́sàn-án lẹ dìde.

Ẹ máa lọ, ẹ máa lọ. Ẹ̀yin tó kù, ẹ ya ọ̀nà fún wọn, ẹ tẹ́ ọwọ́ yín.

Ọlọ́hun, Ìwọ tí ohunkóhun kò pamọ́ fún, jẹ́ kí ìpè wọn bá àwọn èèyàn wọ̀nyẹn láàyè. Tọ́ wa sọ́nà láti sọ pé "n kò mọ̀" nígbà tí a kò bá mọ̀. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú nípa ohun tí a rò pé oore ni. Foríji Sàfúrátù ẹrúbìnrin Rẹ, wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ níbi tí ọwọ́ wa kò dé. Foríji Ìdírísù. Ọjọ́ tí O bá sì mú ìwé wa jáde, tí O ní kí oníkálukú ka tirẹ̀, má jẹ́ kí a rí níbẹ̀ orúkọ ẹni tí a kò mọ̀, tí a pa.